Ṣé Kí N Pa Ìwé Náà Tì? Àríyànjiyàn lórí A Game of Thrones

Ìbéèrè kan láti Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo yá A Game of Thrones lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, ìwé ìtàn àròsọ tí George R. R. Martin kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1996. Mo ti ka ojú-ewé 210, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni ó gbà mí. Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ ẹni tí ó ni ìtàn náà. Bí mo bá ti ń bá ẹnì kan bọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ mí lára, orí náà á parí, òǹkọ̀wé á sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn. Orúkọ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ìwé ìpè-orúkọ kíláàsì mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi sì ti sọ fún mi pé Eddard tí mo fẹ́ràn, wọn yóò bẹ́ ẹ lórí kí ìwé náà tó parí. Ṣé kí n pa á tì, kí n lọ wo fíìmù rẹ̀, àbí ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú mi kò tó?

* * *

Àbúrò mi, ẹ má tíì dá ìwé náà padà. Mo ka ìbéèrè yín sókè fún àwa mẹ́sàn-án tí a máa ń péjọ kàwé ní Sábó-Òkè ní Ìlọrin ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohun tí mo sì rò pé a ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá parí gbà wá títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn mẹ́ta ní kí ẹ pa á tì lónìí. Ẹnì kan ní kí ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù rẹ̀ ná. Àwa márùn-ún yòókù ní kí ẹ máa kà á lọ, ṣùgbọ́n ìdí tí èmi fi sọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn mẹ́rin tí a jọ wà ní ìhà kan náà.

Ẹ̀sùn àwọn tó ní kí ẹ pa á tì kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fi kàn án, pé kò sí ẹni tó ni ìtàn náà. Lóòótọ́, bí a bá yọ orí ìṣáájú kúrò, ènìyàn mẹ́jọ ni òǹkọ̀wé fi ojú wọn ríran ní ìwé yìí, tí ó jẹ́ ìkìn-ín-ní nínú ọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi orúkọ ẹni tí ó kàn ṣe àkọlé orí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí apàlọ́ tiwa bá ti ní àlọ́ òun dá fìrìgbagbòó, tí ó ní ó dá lórí Ìjàpá, a ti mọ ẹni tí a ó máa tẹ̀lé títí dé òpin, a sì lè jókòó wò ó bí yóò ṣe bọ́ nínú ọ̀ràn. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ń dáhùn pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé kò sí ẹnì kan tó ni ayé. Èmi kò fara mọ́ ìdáhùn yìí rárá. Bí ìwé bá sú ènìyàn, kò sí ìtùnú nínú kí a sọ fún un pé ayé náà máa ń súni.

Ohun tí mo rí ni pé ìtàn yìí ní ohun tó ni ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ni ín: ọmọ ta ni ẹni tí yóò jókòó sórí ìtẹ́? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, kí ẹ sì máa ka àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní agbo-ilé agbo-ilé. Ilé Stark, tí Eddard jẹ́ olórí rẹ̀, wà ní àríwá nínú òtútù, ilé Lannister ni olówó, ilé Baratheon ló wà lórí ìtẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ilé Targaryen sì ni wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ náà, tí ọmọbìnrin wọn Daenerys ń jẹ ìyà kiri lẹ́yìn òkun. Bí ẹ bá di mẹ́rin wọ̀nyí mú, àwọn ilé yòókù yóò wá so mọ́ wọn fúnra wọn.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹnì kan nínú wa kò gbà pé ó yẹ kí òǹkàwé máa ṣí ẹ̀yìn ìwé wò, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ìdílé náà sí. Ó ní òǹkọ̀wé tí kò bá lè mú kí òun rántí ènìyàn láìṣí ẹ̀yìn ìwé kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Mo bá a jiyàn gidigidi lórí èyí. Ìyàwó tuntun tí ó bá wọ agbo-ilé ńlá, kò sí ẹni tó ń retí pé kí ó mọ gbogbo ilé láàárín oṣù kan. Yóò máa béèrè ẹni tó bí ẹni yìí, àti ẹni tí ó ń bá tọ̀hún jà; bí kò sì ti lè pe àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, yóò fún wọn ní orúkọ tirẹ̀, yóò pe èyí ní Akọ̀wé, yóò pe tọ̀hún ní Eyínafẹ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Tyrion tí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Jaime tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni Eyínafẹ́. Petyr Baelish tí àpò owó ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Akápò, orúkọ yìí ni n ó sì máa pè é nísàlẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí mo ti fún wọn lórúkọ ni wọn kò ti dàrú mọ́ mi lójú mọ́.

Ẹ̀dà tèmi ti ya sí mẹ́ta ní ẹ̀yìn kí ó tó kàn mí. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo ṣe fọ́tòkọ́pì àwọn ojú-ewé orúkọ, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, mo sì ń fi páálí náà sàmì sí ibi tí mo bá kà dé. Ẹni tó bá kú, mo fi bírò pupa fa ìlà sí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo fi ka ìwé kẹta tán, páálí náà ti pupa ju kí a máa kà á lọ, n kò sì nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ dán an wò fún ọgọ́rùn-ún ojú-ewé péré.

* * *

Ìyá kan láti Òmù-Àrán, tí ó ń ka ìwé náà sókè fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí wọ́n ti wà nílé ọkọ, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń kà á, mú ọ̀rọ̀ kan wá tí ó gba àkókò wa ju gbogbo ìyókù lọ. Ìgbà òtútù tí ilé Stark máa ń kìlọ̀ rẹ̀ fún ara wọn, ó pè é ní ọ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tó bá a jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù díẹ̀ ni ọ̀yẹ́ tiwa ń gbé, tí tiwọn sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó dé orí Jon Snow tí ó sì pè é ní ọmọ àlè. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà ni mo wà. Ọmọ àlè ní èdè wa ni ọmọ tí obìnrin tó wà nílé ọkọ bí fún ọkùnrin mìíràn, tí ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó máa tọ́jú. Jon kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eddard fúnra rẹ̀ ló gbé e wálé láti ojú ogun, ó ní ọmọ òun ni, ó sì tọ́ ọ pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ tí bàbá bí síta ni, ọmọ ilé náà ni. Ní ilẹ̀ Igbómìnà tí wọ́n ti bí mi, bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín ogún Eddard, ìdí-igi méjì ni yóò jẹ́: Catelyn ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún tí ó bí jẹ́ ọ̀kan, Jon nìkan jẹ́ ìkejì. Ẹ wo ohun tí ìyẹn já sí fún Robb, àkọ́bí Catelyn, àti àwọn àbúrò rẹ̀. Òfin tiwọn kò fún Jon ní nǹkan kan, àfi bí ọba bá sọ ọ́ di ọmọ ilé, síbẹ̀ ẹ̀rù Catelyn kò yàtọ̀ sí ẹ̀rù ìyálé èyíkéyìí tó rí ìdí-igi tuntun tó hù sí àárín ọgbà rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ àlè gan-an nínú ìwé náà ni àwọn ọmọ ayaba mẹ́ta tí gbogbo ìlú ń wólẹ̀ fún ní ààfin. Bí ẹ bá fi Yorùbá rò ó, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí èdè òyìnbó fi ń pe irú ọmọ méjèèjì ni ó jẹ́ kí àwọn ará ìlú náà máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú Jon, nígbà tí ohun tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́.

Mẹ́rin nínú wa ní ìkà ni Catelyn. N kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá mi mú ọmọkùnrin kan wọlé ní àṣálẹ́ ọjọ́ Iléyá. Ọmọ náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó di abọ́ ẹran tí wọ́n gbé fún un mú, kò sì jẹ ẹ́ títí ọ̀rá fi dì lójú rẹ̀. Ìyá mi bọ́ ọ fún ọdún mọ́kànlá. Ó ra ìwé fún un, ó rán aṣọ ọdún fún un, ó tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀. N kò gbọ́ ọ kí ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. “Ìwọ yìí” ni, tàbí “ọmọ bàbá rẹ̀”. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ibi tí Bran, ọmọ Catelyn tó ṣubú láti òkè ilé gogoro, ti wà lórí ibùsùn láìlajú, tí Jon wá dágbére fún un, tí Catelyn sì pe orúkọ Jon fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kìkì láti sọ fún un pé òun ni ó yẹ kí ó ṣubú, mo pa ìwé náà dé, n kò sì lè kà á mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi kì í ṣe ìkà. Ẹni tó kọ ibẹ̀ yẹn mọ ohun tí ó máa ń wà nínú ilé.

* * *

Mo padà sí ọ̀rọ̀ Eddard, nítorí òun ni ìbéèrè yín. Ẹ ti gbọ́ pé wọn yóò pa á, nítorí náà n kò ba nǹkan kan jẹ́ bí mo bá sọ bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Àgbàlagbà kan láàárín wa, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní kóòtù, sọ pé ikú Eddard kò dun òun, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á. Ó kà á lẹ́sẹẹsẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, Eddard rí i nínú ìwé ìran àwọn ilé ńlá pé láti ayébáyé ni irun ọmọ Baratheon ti máa ń dúdú, ọ̀rọ̀ kékeré kan tí Sansa ọmọ rẹ̀ sọ, pé Joffrey, àrẹ̀mọ ọba, kò jọ ọba rárá, sì là á lójú pé Eyínafẹ́, ìbejì ayaba Cersei, ni ó bí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń pè ní ti ọba Robert. Ayaba fúnra rẹ̀ ni ó sì lọ sọ fún, tí ó ní kí ó kó àwọn ọmọ náà sá kí ọba tó ti oko ọdẹ dé. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìmàdò ti ya ọba nínú, tí ọba ń sọ ìwé ìhágún fún un kọ, ó kọ “àrólé mi” síbi tí ọba ti dárúkọ Joffrey, láìsọ fún ọba. Ní alẹ́ yẹn kan náà, Renly, àbúrò ọba, ní òun yóò fún un ní ọgọ́rùn-ún idà kí wọ́n lọ mú àwọn ọmọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́, ó kọ̀. Ó wá ní kí Akápò bá òun fi owó ra àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà yí idà sí àwọn ènìyàn rẹ̀, Akápò sì fi ọ̀bẹ kan Eddard ní ọ̀fun. Àgbàlagbà náà ní ẹni tí a bá fún ní ọ̀nà mẹ́rin tí ó sì kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó má bínú sí òǹkọ̀wé.

Mo gba apá kan nínú ẹjọ́ yìí. Kò sí bí a ṣe lè gbèjà ẹni tó fi gbogbo ẹ̀ṣọ́ ìlú lé ọkùnrin kan ṣoṣo lọ́wọ́, pàápàá ọkùnrin tí ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó panu mọ́ kí wọ́n jọ jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n lílọ bá ayaba kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí Robert gba ìtẹ́, àwọn ọmọ ogun Lannister pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ilé Targaryen, wọ́n fi aṣọ wé òkú wọn, wọ́n tẹ́ wọn síwájú ọba tuntun. Inú ọba dùn sí i, ó sì di ìjà láàárín òun àti Eddard. Eddard ti rí òkú ọmọdé nítorí ìtẹ́ yẹn rí. Ó mọ̀ dájú pé bí Robert bá gbọ́, òkú ọmọ mẹ́ta mìíràn ni wọn yóò tún tẹ́ sílẹ̀. Ó mọ ohun tí ó lè ná an, ó sì san án. Ẹni tó bá ní òmùgọ̀ ni, kí ó sọ fún wa ohun tí òun ìbá ṣe fún àwọn ọmọ náà. Àgbàlagbà wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo bi í léèrè, ó sì wí pé òun ìbá gba ọgọ́rùn-ún idà Renly, kí òun sì tọ́jú àwọn ọmọ náà sínú ilé òun. Ìdáhùn gidi ni, n kò sì tíì rí ohun tí n ó fi borí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti kà kọjá, orí tó tẹ̀lé orí ìṣáájú. Bran, ọmọ ọdún méje, wà lórí ẹṣin kékeré rẹ̀. Jon ń sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí ó má gbé ojú kúrò, nítorí bàbá yóò mọ̀. Eddard gbé idà ńlá ilé rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́ orí ọkùnrin tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ odi, nítorí ó gbàgbọ́ pé ẹni tó bá dájọ́ ikú ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ó sì wo ojú ẹni tí yóò kú. Nígbà tí ó bá kan Eddard, ọmọdékùnrin kan ni yóò pàṣẹ, ẹlòmíràn ni yóò gbé idà, idà Eddard yìí kan náà sì ni. Bí ẹ bá pa ìwé náà tì sí ojú-ewé 210, ìdajì ohun tí òǹkọ̀wé ń so pọ̀ ni ẹ rí. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ fún yín kò bà á jẹ́. Ẹ ó mọ ibi tí idà náà ń lọ, ẹ ó sì máa wò ó bí ó ṣe ń bọ̀.

* * *

Lórí fíìmù, n kò ní pẹ́. Ọdún 2011 ni ó bẹ̀rẹ̀, ọdún 2019 ni ó parí, apá 73 sì ni gbogbo rẹ̀. Ó kọjá ibi tí àwọn ìwé dé, nítorí náà òpin tí ẹ ó rí níbẹ̀ kò tíì sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó yóò mọ ojú àwọn ènìyàn, ìyẹn wúlò, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ọkàn Eddard àti Catelyn, tí ó jẹ́ pé òun ni mo ń sọ láti àárọ̀, kò sí bí kámẹ́rà ṣe lè yà á tán. Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́: ìwà ipá àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ pọ̀ nínú fíìmù àti ìwé pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tí a ń gbé sí ibi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì yóò ti mú un.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí, pé ìjà ilé Lancaster àti ilé York ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1455 sí 1487 ni òǹkọ̀wé wò ṣe àwòkọ́ṣe, kí ni ó wá kàn wá. Òótọ́ ni apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìlọrin tó yẹ kí ó béèrè apá kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìwé kẹrin, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí. Ní ìwé kẹrin, ìjọba tí Cersei ń darí jẹ àwọn olórí ẹ̀sìn ní gbèsè tó tó 900,000 owó wúrà. Kí wọ́n lè fojú fo gbèsè náà, ó gbà wọ́n láyè láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ padà, èyí tí àwọn ọba ìṣáájú ti fòfin dè. Ó rò pé òun ti jèrè. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ ogun náà fi mú òun fúnra rẹ̀, tí wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, Àfọ̀njá ni mo rántí. Bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀, ó ké sí Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí tó jẹ́ Fúlàní, pé kí ó wá ran òun lọ́wọ́, ó sì kó àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní jàmáà jọ yí ara rẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Nígbà tí ó yá, wọ́n lágbára ju ẹni tó kó wọn jọ lọ. Wọ́n kìlọ̀ fún un. Nígbà tí ó fi gbọ́, ó ti pẹ́. Sólàgbẹ́rù tí ó yẹ kí ó gbèjà rẹ̀ jókòó sí Òkè-Sùná, kò dìde. Ní nǹkan bí 1824 ni wọ́n pa Àfọ̀njá, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ wẹ́rẹ́ ní Ìlọrin, nítorí àtọmọdọ́mọ ìhà méjèèjì ṣì ń gbé pọ̀ níbẹ̀ títí dòní, kálukú sì ní bí ó ṣe ń pìtàn rẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi rò pé àwa ni ó yẹ kí ìwé yìí yé jù.

Ibi kan wà tí ó ṣòro fún wa lóòótọ́, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa ìdí tí ọba fi kú tí kò sí afọbajẹ kankan tó jókòó. Kí ló dé tí kò sí Ọ̀yọ́ Mèsì méje tí yóò sọ pé Joffrey kò tọ́ sí ìtẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tú àṣírí ìyá rẹ̀? Mo dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ àkọ́bí fa ogun lọ́dọ̀ tiwa náà: tẹ́lẹ̀, Àrẹ̀mọ máa ń bá Aláàfin kú ni, nígbà tí Àtìbà yí àṣà yẹn padà, tí ó sì kú ní 1859, tí Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní forí balẹ̀ fún un, ogun Ìjàyè sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀rọ̀ pé ọmọ ta ni yóò jókòó síbẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

* * *

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo wà tí n kò lè bá òǹkọ̀wé gbèjà ara rẹ̀ lé lórí. Ìwé kìn-ín-ní jáde ní 1996, ìkejì ní 1998, ìkẹta ní 2000, ìkẹrin ní 2005, ìkarùn-ún ní 2011. Láti ìgbà yẹn ni a ti ń retí ìkẹfà. Àwọn kan nínú wa kò tíì gbéyàwó nígbà tí wọ́n ka ìkarùn-ún, ọmọ wọn ti ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ báyìí. Ìkẹrin gan-an kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó pín àwọn ènìyàn rẹ̀ sí méjì gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń gbé, ó sì fi Akọ̀wé, Jon àti Daenerys sílẹ̀ di ìwé karùn-ún. Ẹni tó bá ti fẹ́ràn wọn yóò ka odindi ìwé láìgbọ́ ohùn wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun kò lè bẹ̀rẹ̀ ìrìn tí kò tíì ní òpin, n kò ní bá a jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kí ènìyàn kà wọ́n fúnra wọn.

Kí ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ ra ìkẹta. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pín ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì. Mo ra apá kìn-ín-ní láàárín àwọn ìwé àlòkù láìmọ̀, mo kà á dé òpin, ìtàn náà kàn dúró lójijì. Oṣù méje ni mo fi wá apá kejì.

* * *

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀, àyàfi orí idà yẹn nìkan. Láti ojú-ewé 210 lọ, ìgbàkígbà tí ẹ bá rí orúkọ Eddard lórí orí kan, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó dé ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, tí ó ń lá àlá nínú ìrora: ilé gogoro kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ obìnrin Lyanna lórí ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ bò, àti ìlérí kan tí ó ṣe fún un. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí Eddard, tí kì í purọ́, kò fi sọ orúkọ ìyá Jon fún ìyàwó rẹ̀ rí. Ìwé márùn-ún náà kò tíì fi ẹnu sọ ọ́. Ìyá Òmù-Àrán àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ ìjà tuntun lórí rẹ̀, nítorí bí ohun tí ọmọ rẹ̀ àgbà rò bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé gbogbo ìdí-igi tí mo pín lókè yẹn ti dàrú.

Ìkejì àti apá méjèèjì ìkẹta wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan nínú wa máa ń wá sí Ọ̀fà ní ọjọ́ Ẹtì kejìkejì, yóò sì bá mi kó wọn wá fún yín. Kí ẹ kọ̀wé sí mi kí n tó fi rán an: ọmọ ta ni ẹ rò pé Jon ń ṣe?